Ta Ló Sọ Ọ́ fún Johnson? Orísun Ìtàn àti Ìtọ́kasí nínú Ìwádìí lórí Ọ̀tà

Ìyànà Ìyẹsí wà ní ojú ọ̀nà tó ti Ṣàngó Ọ̀tà lọ sí Ìdí-Ìrókò, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá àti àwọn abúlé Àwórì tí ìlú ti gbà mọ́ra. Láti ọdún 2002 tí Yunifásítì Covenant ti bẹ̀rẹ̀ ní àgbègbè náà, tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Bells sì tẹ̀ lé e ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti di ará ibẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yan ìtàn Ọ̀tà fún iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá rẹ̀, orí ilẹ̀ tó ń kọ ìtàn rẹ̀ gan-an ni ó jókòó lé. Síbẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ yọjú sí i lórí kọ̀ǹpútà kì í sábà jẹ́ ohun tí ará Ọ̀tà sọ, tàbí ohun tí ẹni tó gbé Ọ̀tà kọ. Ìwé Samuel Johnson ni, tàbí ìwé tó mú ọ̀rọ̀ láti inú ti Johnson, tàbí àkọsílẹ̀ kan lórí ẹ̀rọ ayélujára tó mú ọ̀rọ̀ láti inú ìwé kejì yìí láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Google Scholar, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, máa ń ka iye ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn ti tọ́ka sí iṣẹ́ kan mọ́ ohun tó fi ń pinnu ibi tí yóò tò ó sí. Èyí tí a ti tọ́ka sí púpọ̀ ni yóò wà lókè, èyí tó wà lókè ni a ó sì tún tọ́ka sí.

Kò sí ẹ̀bi nínú kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Johnson. Ibi tí ẹ̀bi wà ni kí a dúró sọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé òun ni orísun. Ẹni tó gbọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn ni Johnson, ó sì dárúkọ wọn. Àwa tí a wá lẹ́yìn ni a gé ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu wọn.

Ìwé tó sọnù lẹ́ẹ̀mejì

Ọdún 1897 ni Johnson, tó jẹ́ àlùfáà ní Ọ̀yọ́ nígbà náà, kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas. Ní 1899, a fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ ẹgbẹ́ ajíhìnrere kan. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1900, ó tọ òǹtẹ̀wé náà lọ. Èsì tó gbà ni pé a ṣi ìwé náà gbé síbì kan, pé a kò rí i mọ́, àti pé a ti múra tán láti san owó rẹ̀. Ohun tó ju ogún ọdún iṣẹ́ lọ ni ẹni yẹn ń díye lé. Samuel Johnson kú ní 1901 láì fojú rí ìwé náà.

Obadiah padà sí àwọn àkọsílẹ̀ kéékèèké àti àwọn ojú ìwé àkọ́kọ́kọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì tún ìwé náà kọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1916, ọkọ̀ ojú omi Appam ni ó gbé e lọ fún títẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì tí wọ́n ń pè ní Möwe mú Appam lójú òkun, ó sì di èrò etíkun Virginia ní Amẹ́ríkà. Ìwé náà tún di àwátì fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé. Pépà sì ti wọ́n gógó nítorí ogun. Obadiah pàápàá kú ní 1920. Ní 1921 ni ìwé jáde.

Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ "Johnson (1921)", ohun tó wà lẹ́yìn àmì kékeré yẹn pọ̀ ju bí ó ti rò lọ. Òǹkọ̀wé ti wà ní ibojì fún ogún ọdún, olóòtú fún ọdún kan. Ìwé tí à ń kà kọ́ ni ìwé tí Samuel parí gan-an. Ọwọ́ Obadiah wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tí ọwọ́ kan ti dúró tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ojú ewé. Gbólóhùn bíi "ní 1921, Johnson ṣàlàyé pé…", tó ń jáde nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ léraléra, jẹ́ àṣìṣe tí kò yẹ kí alábòójútó gbójú fò. Ó sàn kí a kọ ọ́ báyìí: Johnson 1921 [1897]. Àmì yìí kò ná ni ní nǹkan kan, ó sì ń sọ fún òǹkàwé pé ohùn tó ń gbọ́ jẹ́ ti ìgbà tí ogun Kírìjì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, kì í ṣe ti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Kánò. Robin Law ti yẹ àwọn ọ̀pìtàn Yorùbá àkọ́kọ́ wò nínú jọ́nà History in Africa ní 1976. Toyin Falola sì ṣe olóòtú àkójọ àpilẹ̀kọ lórí Johnson ní 1993. Ẹni tó bá fẹ́ fi Johnson ṣe òpó iṣẹ́ rẹ̀, ó yẹ kí ó ti ka àwọn wọ̀nyí kí ó tó fi igi náà gbélé.

Àwọn tó wà níwájú ìwé

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, Johnson sọ ibi tó ti gbọ́ ìtàn. Fún ìgbà ìwáṣẹ̀ àti ti àwọn ọba àtijọ́, ó tọ́ka sí àwọn arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́. Fún ti ìgbà tó súnmọ́ tirẹ̀, ó dárúkọ àwọn ènìyàn: Josiah Òní, oníṣòwò tí kì í bẹ̀rù ọ̀nà, Lágùnjú tó jẹ Tìmì Ẹdẹ, tí òkìkí rẹ̀ kàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ ìtàn, àti David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn. Ní èdè ìwádìí òde òní, àwọn abẹ́nà-ìmọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Oníṣòwò kan, ọba aládé kan, àgbà onígbàgbọ́ kan, àti àwọn òṣìṣẹ́ ààfin. Ẹni tó bá wo àkójọ yìí dáadáa yóò rí ibi tí ìwé náà ti lágbára àti ibi tó ti rọ̀. Ojú Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Ìjàyè ni ó fi wo ayé. Kò sí ará Ọ̀tà kankan nínú àwọn tó dárúkọ.

Ọ̀nà ìtọ́kasí tí à ń lò lónìí kò ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ìlànà orúkọ-àti-ọdún tí àwọn kan ń pè ní Harvard ni a sábà ń tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Edward Laurens Mark, onímọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Harvard, tó lò ó ní 1881 nínú iṣẹ́ kan lórí ẹ̀yà ìgbín tí kò ní ìkarahun. Fún ẹni tó ń ṣèwádìí nípa ìgbín, ìlànà náà tó: òǹkọ̀wé ni ó rí ìgbín náà fúnra rẹ̀, ọdún sì ń sọ bóyá ohun tó rí ti di àtijọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu, ẹni tó kọ ọ́ kì í sábà jẹ́ ẹni tó rí i. Láàárín àwọn méjèèjì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ìlànà náà kò sì fi àyè sílẹ̀ fún un.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ìtọ́kasí kí ìwé tó dé. Wándé Abímbọ́lá, nígbà tó ń ṣàlàyé bí a ti ń hun ẹsẹ Ifá, fi hàn pé orúkọ babaláwo tó dífá náà ni ó máa ń ṣáájú, kí a tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a dá a fún. Ẹni tó ń kì í lónìí kò sọ pé òun ni òun ni ín. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ wọ̀nyẹn jẹ́ oríkì tàbí àdìtú tí a kò lè tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ènìyàn kan pàtó. Síbẹ̀ àyè orúkọ náà kò ṣófo rí. Bí a bá fi èyí wé iṣẹ́ àṣekágbá tó kọ "a gbọ́ pé" ní ojú ewé mẹ́wàá láì dárúkọ ẹnikẹ́ni, ta ni ó tẹ̀ lé ìlànà jù?

Ọ̀tà nínú ìwé aládùúgbò

Ní nǹkan bí 1842, àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà. Wọ́n fẹ́ ọ̀nà tí yóò gbé wọn dé Àgbádárìgì àti etí òkun. Láti ìgbà náà, ibi tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti ń pàdé Ọ̀tà ni inú ìtàn Ẹ̀gbá. Ìwé Ṣàbúrì Bíòbákú tó jáde ní 1957, The Egba and their Neighbours, 1842–1872, sọ ọ́ láti orí àkọlé rẹ̀: Ọ̀tà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò. Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ Bíòbákú, ó sì tọ́ka sí orísun rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi í nìkan kọ ìtàn Ọ̀tà ń wo ilé láti ojú fèrèsé ilé kejì.

Ẹni kan wà tó kọ̀wé láti inú Ọ̀tà fúnra rẹ̀. James White, ọ̀kan nínú àwọn Sàró tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S., dé Ọ̀tà ní 1854, ó sì pẹ́ níbẹ̀ gidigidi. Àwọn òṣìṣẹ́ C.M.S. a máa kọ ìròyìn ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n ṣe, wọn a sì fi ránṣẹ́ sí olú iléeṣẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ìwé ìròyìn White wà nínú wọn. A kò tẹ̀ wọ́n jáde bí ìwé kan ṣoṣo tí ènìyàn lè rà. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí lókè lórí kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́. J. D. Y. Peel ka àwọn ìròyìn bẹ́ẹ̀ jákèjádò fún ìwé rẹ̀ Religious Encounter and the Making of the Yoruba (2000), ó sì ń sọ nínú àkíyèsí ẹ̀yìn ìwé irú òṣìṣẹ́ tó kọ ọ́ àti ọjọ́ tó kọ ọ́. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Ìyànà Ìyẹsí, àwọn àkíyèsí ẹ̀yìn ìwé yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Ó sàn kí ó ka ẹ̀yìn ìwé Peel kí ó tó ka iwájú rẹ̀.

A kò gbọ́dọ̀ gba White gbọ́ pátápátá náà. Iṣẹ́ tí a rán an ni láti yí àwọn ará Ọ̀tà lọ́kàn padà, àwọn tó sì ń ka ìròyìn rẹ̀ ni ó ń sanwó iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó bá sọ nípa òrìṣà ní láti gba inú asẹ́ yìí kọjá. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ó mọ ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, nítorí ọjọ́ náà ni ó kọ ọ́.

Láti rí i, akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ti ń kọ orúkọ ìlú. Nínú ìwé ajíhìnrere àti ti ìjọba amúnisìn, "Otta" ni Ọ̀tà máa ń jẹ́, "Abbeokuta" ni Abẹ́òkúta, "Badagry" ni Àgbádárìgì. Ẹni tó bá ń wá àwọn aládùúgbò tó ń jẹ́ Yewa lónìí kò ní í rí nǹkan púpọ̀ ṣáájú 1995. Orúkọ wọn nínú ìwé àtijọ́ ni Ẹ̀gbádò. Yorùbá fúnra rẹ̀ a máa jẹ́ "Yariba" nínú ìwé àwọn arìnrìn-àjò, "Aku" ní Sàró, "Nago" ní Dàhọ̀mì àti Brazil, "Lucumí" ní Kúbà. Àmì ohùn tún ní wàhálà tirẹ̀: ẹ̀rọ kan lè gba "ọ̀" bí lẹ́tà kan pẹ̀lú àmì méjì tí a so mọ́ ọn, kí òmíràn gbà á ní ọ̀nà mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ènìyàn kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹni tó bá tẹ "Ọ̀tà" nìkan tí kò rí èsì kò tíì wá nǹkan kan. Kí ó tẹ ọ́ láì sí àmì, kí ó tẹ "Otta", kí ó sì kọ gbogbo ohun tó tẹ̀ àti ọjọ́ tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kékeré kan, nítorí alábòójútó lè bi í léèrè bí ó ti ṣe mọ̀ pé kò sí.

Ibi ìpamọ́ náà kò jìnnà tó bí ó ti dà bí. Ìwé C.M.S. tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà ní Yunifásítì Birmingham, lábẹ́ àmì CA2 fún Yorùbá títí di 1880. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé tí ẹgbẹ́ náà fi sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá wà ní National Archives ní Ìbàdàn, nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, lábẹ́ àmì CMS (Y). Níbẹ̀ náà ni ìwé ìjọba amúnisìn wà, bíi ti CSO 26, tó ní ìròyìn tí àwọn òyìnbó aláṣẹ kọ lórí ìlú kọ̀ọ̀kan ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí wọ́n ń tún ìṣàkóso ìbílẹ̀ tò. Àwọn àgbà ìlú ni ó sọ ohun tó wà nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ní àkókò tí olúkúlùkù mọ̀ pé ìdáhùn òun lè sọ ẹni tí yóò wà lábẹ́ ta. Ìtàn wà nínú rẹ̀, ẹjọ́ sì wà nínú rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ nọ́ńbà fáìlì náà tán pátápátá. "NAI, Ìbàdàn" lásán kì í ṣe ìtọ́kasí. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lọ́la kò lè fi í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Ilẹ̀ àti orúkọ

Ní Ọ̀tà, ọ̀rọ̀ yìí kọjá máàkì ìdánwò. Ilé iṣẹ́ ti sọ ilẹ̀ àgbègbè náà di wúrà. Níbi tí ilẹ̀ bá ti di wúrà, ìtàn ìdílé a di ìwé ẹ̀rí. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ní 1976, a to ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn ìbílẹ̀ ni ó ṣáájú nínú wọn. Ẹni tó bá gbé e kalẹ̀ ní láti sọ ẹni tó tẹ ilẹ̀ náà dó, bí ó ti tẹ̀ ẹ́ dó, àti orúkọ àwọn tó jogún rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ọwọ́ rẹ̀. Bí orúkọ kan bá já láàárín, ẹ̀rí náà lè wó. Bí ìtàn méjì bá sì takora, ìlànà tó ti inú ẹjọ́ Kojo àti Bonsie jáde ní Gold Coast ní 1957 ni pé kí a fi ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí, tí ènìyàn ṣì rántí, dán wọn wò.

Òfin wá ń béèrè lọ́wọ́ onílẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ alábòójútó kò béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ àṣekágbá tó bá sì wà lórí ẹ̀rọ ayélujára kì í dúró nínú ilé ìkàwé mọ́. Agbẹjọ́rò lè rí i, ìdílé lè tẹ̀ ẹ́ jáde. Gbólóhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ kan mú láti orí ẹ̀rọ láì mọ ẹni tó sọ ọ́ lè padà sí ìlú bí ohun tí "àwọn onímọ̀" sọ, kí àgbà kan kà á, kí ó sì sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn gẹ́gẹ́ bí ohun tí baba òun sọ fún un. David Henige ti kìlọ̀ nípa irú àyípo yìí láti 1974. Ẹ̀rọ tó ń dá èsì fún ènìyàn ti fi kún un báyìí: ní 2023, ilé ẹjọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò tó tọ́ka sí ìdájọ́ tí ChatGPT hun jáde, tí adájọ́ kankan kò dá rí. Wọn kò ṣí ìwé náà wò. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ní ìwé tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtàn abúlé kan lẹ́bàá Ìyẹsí lè má ní.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jókòó ti àgbà kan ní Ọ̀tà, ohun tó yẹ kó kọ sílẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ: orúkọ rẹ̀ bí ó bá gbà kí a dá a, oyè rẹ̀, agbo ilé rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, ibi àti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ̀rọ̀, àti ẹni tí òun náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni a sábà máa ń gbàgbé láti béèrè. Ó tún yẹ kó béèrè bóyá ẹjọ́ ilẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ nínú ìdílé náà, kí ó sì fi ọgbọ́n béèrè rẹ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti kí wọn dáadáa.

Johnson béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní àkókò tí kò sí yunifásítì kankan ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìwé rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí lórí Internet Archive, àwòrán ojú ewé kan tẹ̀ lé òmíràn. Orúkọ Josiah Òní, ti Lágùnjú àti ti Kúkọ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ní àwọn ojú ewé tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń ṣí kọjá kí wọ́n tó dé orí kìíní.